Orí Kẹfà: Ọmọ Tí a Bí ní Kékeré àti Ìlà Tí Ó Ń Tọ̀ Dàgbà

Bí aboyún bá ti sọ̀ tán, ohun tí àwọn ará ilé kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé akọ ni tàbí abo. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fẹ́ mọ bí ọmọ náà ṣe tóbi tó. Ní ilé ìwòsàn, òṣùwọ̀n ni ó ń dáhùn ìbéèrè kejì yìí. Nọ́ọ̀sì á gbé ìkókó lé e níhòòhò, á wo nọ́ńbà, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí nọ́ńbà náà kò bá tó 2,500 gíráàmù, ọmọ ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ àwọn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ọmọ tí ìwọ̀n ìbí rẹ̀ kéré. Èyí tí kò bá tó 1,500 kéré gan-an, èyí tí kò sì tó 1,000 kéré ju ìyẹn náà lọ. Ìṣirò tí àjọ náà àti UNICEF jọ ṣe fi hàn pé lọ́dún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 19.8 ọmọ ni a bí sínú ẹgbẹ́ yìí káàkiri ayé, ìyẹn 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọmọ tí a bí lọ́dún náà. Èrò tó pọ̀ tó báyìí kò lè jẹ́ irú ọmọ kan náà. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ni pé ìwọ̀n ọjọ́ ìbí, bó ti wù kó wúlò tó, kò lè dá sọ ohun tí ọmọ yóò dà. Ìdí tí ọmọ fi kéré, àti bí ó ṣe ń dàgbà láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kọ́ láti máa kà.

Ààlà 2,500 gíráàmù yẹn kò ti ọ̀run bọ̀. Arvo Ylppö, dókítà ọmọdé ará Finland, ni ó dábàá rẹ̀ ní 1919 gẹ́gẹ́ bí àmì tí a ó fi dá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ tó bá ti kéré, ohun tí wọ́n á sọ ni pé oṣù rẹ̀ kò pé, kódà bí ìyá rẹ̀ bá ka oṣù mẹ́sàn-án rẹ̀ pé pérépéré. Ní 1961 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ya kíkéré sọ́tọ̀ kúrò lára àìpé oṣù. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Lula Lubchenco àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílùú Denver, ní Amẹ́ríkà, gbé àtẹ kan jáde tí a lè fi wo ìwọ̀n ọmọ mọ́ iye ọ̀sẹ̀ tí ó lò nínú ìyá rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni a ti ní ohun èlò tí ó lè dáhùn ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: ọmọ yìí kéré, ṣùgbọ́n ṣé ó kéré fún iye ọ̀sẹ̀ tí ó lò?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ méjì tí òṣùwọ̀n kà sí 1,900 gíráàmù. A bí èkíní ní ọ̀sẹ̀ 32; èkejì lo ọ̀sẹ̀ 39. Lórí àtẹ, èkíní tó bí ó ti yẹ kó tó, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì wà nínú ìyá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo jù ú lọ. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ó tètè dé. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó, ọ̀rá abẹ́ awọ tí ì bá mú un móoru kò tíì pọ̀, kò sì tíì mọ bí a ṣe ń fa ọmú, kí a gbé e mì, kí a tún mí, láìsí pé ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́; ọgbọ́n yẹn kì í sábà dé kí ọ̀sẹ̀ 34 tó pé. Èkejì ti gbó ní tirẹ̀. Ojú rẹ̀ là kedere, igbe rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti lé ní kílò mẹ́ta. Awọ itan rẹ̀ hunjọ, apá rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó tóbi ju ara lọ, nítorí nígbà tí oúnjẹ kò tó nínú oyún, ọpọlọ ni ara ọmọ máa ń kọ́kọ́ bójú tó kó tó kan ẹran ara àti ẹ̀dọ̀. Ewu tó súnmọ́ ọn jù ni kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, torí kò ní àkójọ kankan tí yóò máa ná. Nọ́ńbà kan náà ni òṣùwọ̀n kà fún àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn yàtọ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn tún wà tí ọ̀ràn méjèèjì pàdé lára wọn: oṣù wọn kò pé, wọ́n sì tún kéré fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò. Àwọn wọ̀nyí ni ìpọ́njú wọn pọ̀ jù.

Kí ni ó ń mú kí oúnjẹ wọ́n ọmọ nínú ìyá rẹ̀? Gbogbo ohun tí ọlẹ̀ ń jẹ, inú ibi ọmọ ni ó ń gbà kọjá. Ohunkóhun tó bá dí ọ̀nà níbẹ̀, ọmọ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ń sọ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi ọmọ di tóóró. Sìgá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tiwa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibà ẹ̀fọn ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kòkòrò Plasmodium falciparum a máa fara pamọ́ sínú ibi ọmọ, débi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fà lápá ìyá lè má rí i. Oyún àkọ́kọ́ ni ó ń dà láàmú jù, nítorí ara obìnrin náà kò tíì bá irú kòkòrò tí ń lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ pàdé rí. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí aboyún tó wà ní agbègbè ibà máa lo oògùn sulfadoxine-pyrimethamine, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fansidar, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí oṣù kan máa wà láàárín wọn, láti ìgbà tí oyún bá ti wọ ìdá kejì. Ebi náà ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà òtútù 1944 sí 1945, tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dínà oúnjẹ mọ́ ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Netherlands, àwọn ọmọ tí ebi bá ìyá wọn ní oṣù mẹ́ta ìparí oyún fi bíi 300 gíráàmù kéré sí bó ṣe yẹ. Àwọn ìyá tí ebi bá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, tí oúnjẹ sì padà dé kí wọ́n tó bímọ, bí ọmọ tó tóbi dáadáa. Síbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí di àgbà, àwọn ni àrùn ọkàn wá pọ̀ sí lára. Òṣùwọ̀n kò rí nǹkan kan lára wọn lọ́jọ́ tí a bí wọn.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọmọ fi lè kéré tí kò sí àìsàn níbẹ̀: kó ní ẹnìkejì. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí a ti ń bí ìbejì jù lágbàáyé. Iṣẹ́ tí Nylander ṣe láti Ìbàdàn dé Igbó-Ọrà ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn rí i pé ìbejì tó bíi 45 nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti Yúróòpù ìgbà náà lọ. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 30 ni ìbejì ti ń fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ ọmọ tó dá wà nínú ìyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í dúró kí ogójì ọ̀sẹ̀ pé. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìbí ilé ìwòsàn wa láìya ìbejì sọ́tọ̀, tó wá ń fi àbájáde rẹ̀ wé ti London, ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí pé ìbejì ni wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán o. Bí Táíwò bá jẹ́ 2,400 gíráàmù tí Kẹ́hìndé sì jẹ́ 1,700, ìyẹn ti kọjá pé wọ́n jọ pín àyè. Oúnjẹ Kẹ́hìndé ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìtọ́jú ọmọ tí ebi pa nínú oyún ló sì yẹ ẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé àríyànjiyàn yìí ti pọ̀ jù: àwọn ènìyàn kan a máa kéré, ìran wọn ló rí bẹ́ẹ̀, kí ni a wá ń fi òdiwọ̀n òyìnbó wọn ọmọ wa fún? Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn dáadáa, torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá tó kúrú sábà máa ń bí ọmọ tó kéré díẹ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì lè jí pépé kó máà ní àrùn kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìran ti di ohun tí a dán wò. Láàárín 1997 sí 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé tọ ọmọ kiri ní ìlú mẹ́fà: Pelotas ní Brazil, Accra ní Ghana, Delhi ní Íńdíà, Oslo ní Norway, Muscat ní Oman, àti Davis ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n yàn ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ kì í mu sìgá, tó ń mu ọmú, tí ilé rẹ̀ kò sì tòṣì. Nígbà tí wọ́n wo gígùn àwọn ọmọ náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú kan sí ìkejì kò ju 3 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìyàtọ̀ tí wọ́n rí lọ. Èyí tó wà láàárín ọmọ kan sí èkejì ní ìlú kan náà jẹ́ 70. Ọmọ Accra tó jẹun kánú gùn bí ọmọ Oslo. Nítorí náà, ìdílé lè ṣàlàyé ìdí tí ọmọ kan fi kéré. Kò lè ṣàlàyé ìdí tí ọmọ fi ń kéré ní gbogbo agbègbè kan ju ti ibòmíràn lọ, ẹni tó bá sì fi ìran ṣe àwáwí níbẹ̀ ń bo ibà, ebi àti ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́lẹ̀.

Ọmọ tí a bí ní kékeré kì í sábà dúró síbi tó wà. Ní 1963, Prader, Tanner àti von Harnack ṣàpèjúwe bí ọmọ tí àìsàn tàbí ebi ti fà sẹ́yìn ṣe máa ń sáré dàgbà bí ìdènà náà bá ti kúrò, títí yóò fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn tí oṣù wọn pé ṣùgbọ́n tí wọ́n kéré, ní àwọn ìlú tí oúnjẹ wà, bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti bá ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni púpọ̀ nínú eré náà sì ń wáyé. Ẹnì kan tó kù nínú mẹ́wàá ni ó máa ń kúrú títí. Òun ni ó yẹ kó rí dókítà tó mọ̀ nípa omi ara tí ń mú ènìyàn ga. Ti àwọn tí oṣù wọn kò pé máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rù tí a sì ń dá ba ìyá wọn, ìṣirò ọjọ́ orí ni kò tọ̀nà. Wo ọmọkùnrin kan tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 32, tó pé oṣù mẹ́fà lónìí, tó sì wúwo tó kílò 6.2. Bí nọ́ọ̀sì bá fi àmì rẹ̀ sí oṣù mẹ́fà, yóò bọ́ sísàlẹ̀ ìlà ewu orí àtẹ ìdàgbà, nítorí ìlà náà wà ní 6.4 níbẹ̀, wọ́n á sì ní kí ìyá rẹ̀ máa bọ̀ pẹ̀lú ìwé pé ebi ń pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú àkókò rẹ̀. Yọ mẹ́jọ kúrò nínú ọ̀sẹ̀ 26 tó ti lò láyé, ó ku 18, ìyẹn oṣù mẹ́rin àti díẹ̀. Ní oṣù mẹ́rin, kílò 5.6 ni ìlà ewu wà, ọmọ náà sì ti gòkè rẹ̀ dáadáa. Títí tí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì ni a gbọ́dọ̀ máa yọ ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, tí a bá ń wo ìwọ̀n, gígùn, ìjókòó, ìrákòrò tàbí ọ̀rọ̀ sísọ. Àjẹsára nìkan ni a kì í tìtorí rẹ̀ sún síwájú.

Kí ọmọ tó lè sáré bá ẹgbẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ yè, ooru ara àti oúnjẹ ni ó sì ń gbé e kọjá. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, gbogbo ìkókó ni ó máa ń fọn díẹ̀, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀; lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa fi gíráàmù 15 sí 20 kún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Fún ọmọ 1,500, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 22 sí 30 gíráàmù lójoojúmọ́, òtútù nìkan sì lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán, torí ọmọ tí ara rẹ̀ tutù ń sun oúnjẹ rẹ̀ bí igi ìdáná kó lè móoru. Ní Bogotá, olú ìlú Colombia, ní 1978, àpótí tí ń mú ọmọ móoru kò tó, ọmọ méjì mẹ́ta ń há sínú ọ̀kan. Dókítà Edgar Rey Sanabria bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ sáàárín ọmú ìyá rẹ̀, awọ kan awọ, tí wọ́n á fi aṣọ dì wọ́n pọ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn kan ń wo èyí bí oògùn òtòṣì. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2021 pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n ti ṣe é, Ghana, Íńdíà, Màláwì, Tanzania àti Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ni ibùdó tiwa. Gègé ni wọ́n fi pín ọmọ 3,211 tí ìwọ̀n wọn wà láàárín kílò kan sí 1.8: àwọn kan lọ sí àyà ìyá wọn kété tí a bí wọn, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ títí ara wọn fi balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà àtijọ́. Láàárín ọjọ́ 28, 12.0 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, 15.7 nínú ẹgbẹ́ kejì. Ọmọ tó wà láyà ìyá rẹ̀ tún súnmọ́ ọmú. Bí kò bá tíì lè fà á, a ó fún ọmú náà sínú ife kékeré, a ó sì máa fi kàn án létè díẹ̀díẹ̀.

Nísinsìnyí ni a kan àtakò tó le jù. Ní 1989, David Barker àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìwé àtijọ́ ní Hertfordshire, ní England, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń lọ láti ilé dé ilé láti 1911, tí wọ́n ń wọn ọmọ lọ́jọ́ ìbí àti nígbà tó bá pé ọdún kan. Wọ́n wá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin 5,654 tí orúkọ wọn wà níbẹ̀. Àwọn tó kéré jù ní ọmọdé ni àrùn ọkàn pa jù. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé kádàrá ni: ọmọ tí a bí ní kékeré, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn ń dúró dè é, kò sì sí ohun tí a lè ṣe. Lójú tèmi, ìwé Hertfordshire gan-an ni ó tako wọn. Ìwọ̀n ọdún kan ni ó sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Bí a bá ka ikú àrùn ọkàn láàárín gbogbo ọkùnrin England sí 100, ti àwọn tí kò ju nǹkan bíi kílò 8.2 lọ ní ọmọ ọdún kan jẹ́ 111, ti àwọn tó tó kílò 12.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ jẹ́ 42. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ ìbí àti ọdún kan, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbí wà ní ìkáwọ́ wa. Barker fúnra rẹ̀ tún bá àwọn onímọ̀ Finland ṣe iṣẹ́ mìíràn lórí ènìyàn 8,760 tí a bí ní Helsinki láàárín 1934 sí 1944. Àwọn tí àrùn ọkàn wá mú nígbà àgbà ni àwọn tí a bí ní kékeré, tí wọ́n ṣì rù ní ọmọ ọdún méjì, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra kíákíá lẹ́yìn ìgbà náà. Bí ọmọ náà ṣe rìn láti ìbí dé ọdún mọ́kànlá ni ó fara hàn nínú ìwé yẹn, kì í ṣe ìwọ̀n ọjọ́ kan.

Ẹlòmíràn yóò wá yí ọ̀rọ̀ náà padà: bí sísanra kíákíá bá ń pani lára, ṣé kí a máa fún ọmọ kékeré lóúnjẹ níwọ̀nba ni? Ìbéèrè yìí ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ní England, láti 1982, Alan Lucas fi gègé pín àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sí oríṣi wàrà: àwọn kan ń mu wàrà tí a fi èròjà kún, àwọn kan ń mu wàrà lásán. Nígbà tí wọ́n lé ní ọmọ ọdún méje, àwọn ọmọkùnrin tó mu èyí tí a fi èròjà kún yọrí jù nínú ìdánwò òye ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Atul Singhal yẹ ẹ̀jẹ̀ àti iṣan irú àwọn ọmọ wọ̀nyí wò ní ọ̀dọ́, àwọn tó yára sanra ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni àmì àtọ̀gbẹ àti ti iṣan líle fara hàn díẹ̀ lára wọn. Ọpọlọ ń bèèrè oúnjẹ, iṣan ń bẹ̀bẹ̀ pé kó rọra. Kí ni kí a ṣe? Ìdáhùn tí mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù wá láti ìlú bíi tiwa. Wọ́n kó ìwé ènìyàn 8,362 jọ láti Brazil, Guatemala, Íńdíà, Philippines àti South Africa, àwọn tí a ti ń tọ̀ láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi dàgbà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2013. Àwọn tó gùn kíákíá ní ọdún méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n pẹ́ nílé ìwé jù, tí wọ́n sì ga. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ wọ́n di alárùn. Ìwọ̀n tí ọmọ fi kún lẹ́yìn ọdún méjì, tí gígùn rẹ̀ kò sì bá a dọ́gba, ni ó ń bí ọ̀rá àpọ̀jù àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí náà, ní ibi tí ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ti ń pa ọmọ tó rù, fífi oúnjẹ du ọmọ ọdún kan nítorí àrùn ọkàn ọdún 60 kò bọ́gbọ́n mu. Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ ni irú oúnjẹ. Ẹ̀kọ tí a fi ṣúgà pò, tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀, lè mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yọ láìfi kún gígùn rẹ̀. Tí a bá fi ẹ̀wà sóyà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ àti edé sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó fi mu ọmú nìkan, egungun àti ẹran ara á rí ohun tí wọn yóò fi kọ́ ara wọn.

Ara nìkan kọ́ ni ó ń dàgbà. Oṣù mẹ́ta ìparí oyún ni ọmọ máa ń kó irin tí ara rẹ̀ yóò fi ṣe ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Èyí tó tètè dé kò rí i kó tó, èyí tó kéré náà kò ní àyè láti kó o sí, àwọn méjèèjì sì ń dàgbà kíákíá débi pé ìwọ̀nba tí wọ́n ní yóò tán. Ní Sweden, Staffan Berglund àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọmọ 285 tí ìwọ̀n wọn wà láàárín 2,000 sí 2,500 gíráàmù ní oògùn irin tàbí omi lásán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dé oṣù mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n pé ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ìwà tó ń kọni lóminú hàn lára 12.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò rí irin mu, kò sì tó 3 lára àwọn tó mu ún. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni gbogbo ènìyàn ń wò pé ara wọn le. Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi fún ọmọ tí kò tó 2,500 kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni ìyá ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí kò sì sẹ́ni tó rántí ti ọmọ. Ẹ̀rí kejì ti Jamaica wá. Susan Walker àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rán òṣìṣẹ́ ìlera lọ sílé àwọn ọmọ tí oṣù wọn pé tí wọ́n sì kéré, láti kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ àti bí yóò ṣe máa fi ohun ìṣeré tí a fọwọ́ ṣe nílé bá a ṣeré. Nígbà tí àwọn ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́fà, àǹfààní rẹ̀ ṣì hàn nínú ìdánwò òye wọn. Ìyá àgbà tó ń gbé ọmọ jó, tó ń ki í, tó ń dárúkọ ojú, imú àti etí fún un, ń ṣe ohun kan náà, kò kàn sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí oògùn.

Bí a bá gbà pé bí ọmọ ṣe ń lọ ṣe pàtàkì ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé a nílò ohun tí yóò máa fi ìrìn náà hàn wá, ilẹ̀ wa sì ni ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù ti jáde. Láti 1957, David Morley, dókítà ọmọdé ará England tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ń tọ àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìbí lọ. Ó ṣe káàdì kan tí a ń fi àmì sí lóṣooṣù, tó ní àwọn ìlà tó ń gòkè, ó sì gbé e lé ìyá lọ́wọ́ nínú ọ̀rá kí ó lè máa gbé e lọ sílé. Láti ibẹ̀ ni káàdì náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn alátakò rẹ̀ ní tiwọn ní ẹjọ́ tó lágbára: wọ́n ti wọn ọmọ ní ọ̀pọ̀ ibi fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì yí ohun púpọ̀ padà nínú ìlera wọn. Òótọ́ ni. Òṣùwọ̀n kì í bọ́ ọmọ. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń fi àmì sí káàdì ọgọ́rùn-ún láàárọ̀ tí kò sì bá ìyá kan sọ̀rọ̀, iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń ṣe. Ẹjọ́ yìí mú àìlò rẹ̀ dáadáa dání; kò ba káàdì náà jẹ́.

Wo káàdì méjì tó wà lórí tábìlì kan. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọmọkùnrin tí oṣù rẹ̀ pé tí a sì bí ní kílò 2.2. Oṣù kan, 3.0, oṣù méjì, 4.1; oṣù mẹ́ta, 5.0, oṣù mẹ́rin, 5.7. Abẹ́ ìlà ewu ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó bá a ní oṣù mẹ́ta, ó sì ti kọjá rẹ̀ báyìí. Ti èkejì, a bí i ní 3.4; ní oṣù mẹ́ta ó jẹ́ 6.6, ní oṣù mẹ́rin 6.7, ní oṣù márùn-ún 6.7. Òun ni ó wúwo jù, ó jìnnà sókè ìlà ewu, nọ́ọ̀sì tó bá sì ń wo nọ́ńbà nìkan á ní kí ìyá rẹ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó yẹ kí a dá dúró. Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé ibà mú un lóṣù tó kọjá, ṣé ìyá ti padà sọ́jà, ta ni ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ni wọ́n ń fún un mu, ṣé ó ṣì ń mu ọmú lóru. Ìyá ọmọ àkọ́kọ́ ní tirẹ̀, a ó sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa, a ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tíì tán, a ó tẹ́ ọmọ náà sórí pákó láti wọn gígùn rẹ̀, a ó fi okùn yí orí rẹ̀ ká, a ó sì kọ méjèèjì sí ẹ̀yìn káàdì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá ọmọ kejì yóò padà wá. Ti ìyá ọmọ àkọ́kọ́, ó di oṣù tó ń bọ̀.